Ọgbà ilé tó ga ju òfin lọ l'Ábújá: bí ẹ ó ṣe gba àṣẹ rẹ̀ kí ọ̀dà pupa tó dé ara rẹ̀

Ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó kọ́lé sí Gwarinpa, Lokogoma, Katampe tàbí Guzape ti ń kọsẹ̀. Ẹ̀rù olè bà wọ́n, tàbí aládùúgbò kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ ń wo ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n bá pe bíríkìlà kó fi kóòsì mẹ́rin, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, kún ògiri. Bíríkìlà á ní, “Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é.” Wọn ò tíì rẹ́ ògiri náà tán tí àwọn òṣìṣẹ́ Development Control, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ìkọ́lé, á fi dé, tí wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ “STOP WORK” sí i lára. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń sáré kọ lẹ́tà pé ètò ààbò ìlú ti mẹ́hẹ.

Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í lọ jìnnà. Ẹni tó ń yẹ fáìlì wò kò lè fi ẹ̀bẹ̀ ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ló ń wá: ẹ̀gbẹ́ ọgbà wo ni, mítà mélòó, láti ilẹ̀ ta ni ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ló mú kí ẹ̀gbẹ́ yẹn yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ọgbà òun ga, ó fẹ́ kí wọ́n sọ òfin di asán. Ẹni tó tọrọ ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì gbé nọ́ńbà kalẹ̀, ló fún wọn ní nǹkan tí wọ́n lè fọwọ́ sí.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Ìwé ilẹ̀: C-of-O (ìwé ẹ̀rí pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà), tàbí lẹ́tà R-of-O (lẹ́tà tí wọ́n fi fún yín ní ilẹ̀ náà) bí C-of-O kò bá tíì jáde. Bí ẹ bá ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ fi ìwé tó so yín pọ̀ mọ́ ọn kún un.
- TDP, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tó fi nọ́ńbà plot àti àwọn òkúta ààlà hàn.
- Pùláànù ilé tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ àṣẹ lé, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀.
- Risíìtì ground rent (owó ilẹ̀ tí ẹ ń san fún ìjọba lọ́dọọdún) títí dé ọdún tí a wà yìí, àti tax clearance (ìwé pé ẹ ti san owó orí).
- Tépù ìwọ̀n, hóòsì tó mọ́ gaara tó gùn tó mítà 20, ṣọ́ọ̀kì, àti fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa.
- Àkìtẹ́ẹ̀tì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àkìtẹ́ẹ̀tì, àti ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀ COREN, àjọ tó ń rí sí ti ẹnjiníà. Bí òkúta ààlà bá ti sọnù, ẹ wá awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ awọnlẹ̀.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé òun mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì tó lè ṣe é láìsí pùláànù. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

1. Ẹ mọ ọ́fíìsì tó ni yín, kí ìwé yín sì mọ́

Nínú FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú tí Ábújá wà, Department of Development Control ló ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá tí wọ́n ń sùn ní Mararaba tàbí Masaka, Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni ilé tiwọn wà, NUDB, àjọ ètò ìlú ìpínlẹ̀ náà, ni kí wọ́n lọ bá. Ará Suleja ń lọ sọ́dọ̀ àjọ ètò ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, ará Kàdúná sí KASUPDA, ará Kánò sí KNUPDA, àjọ ètò ìlú tiwọn. Ọ̀nà tí mò ń là sílẹ̀ yìí ò ní ṣàìwúlò fún wọn, àmọ́ kí wọ́n gba nọ́ńbà òfin lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tiwọn.

Ilé inú ẹ̀sítéètì ló ń fa wàhálà jù. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ẹ̀sítéètì ló sábà máa ń wà lórí ìwé ilẹ̀, ìwé ìtajà nìkan ló wà lọ́wọ́ onílé. Láìsí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, fáìlì yín á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ní 2025 ìjọba FCT kéde pé àwọn á máa fún àwọn onílé mass housing, ìyẹn ilé inú irú ẹ̀sítéètì bẹ́ẹ̀, ní ìwé tiwọn. Bí tiyín bá ti jáde, òun ni kí ẹ lò. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé area council (ìjọba ìbílẹ̀ FCT) ló fi ra ilẹ̀, kó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ná. Fáìlì tí ẹ bá gbé lọ nítorí ọgbà, ìwé ilẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí nínú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má fi gbèsè ground rent wọlé. Ní oṣù kẹta 2025, FCTA, ìyẹn ìjọba FCT, gba ìwé 4,794 ilẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ gbèsè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ san án, kí ẹ gba risíìtì, kí ẹ tó gbé nǹkan kan dé kántà.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ìpele yìí ti parí: ẹ tẹ́ ìwé ilẹ̀, TDP àti pùláànù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí orúkọ, nọ́ńbà plot àti district bára mu lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ ló ń dá àwa Yorùbá dúró jù níbí: ìyá tó ra ilẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó lọ ilé ọkọ, tàbí bàbá tó jẹ́ Akànní lórí ìwé kan, tó wá jẹ́ Ganiyu lórí èkejì. Ẹ lọ búra sí i ní kóòtù, kí ẹ fi ìwé ìbúra náà sínú fáìlì.

2. Ẹ gba gíga tí òfin fàyè gbà fún ilẹ̀ yín ní kíkọ

Kì í ṣe nọ́ńbà kan ni fún gbogbo ìlú. District àti ohun tí wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún máa ń yí i padà, iwájú ilé sì sábà máa ń le ju ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn lọ. Bí plot yín bá wà ní kọ̀rọ̀ oríta, wọ́n tún máa wo bóyá awakọ̀ tó fẹ́ yà á rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oríta yẹn, bóyá ni ẹ ó fi rí àṣẹ àlékún gbà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí pùláànù yín. Ọ̀pọ̀ ló ní ojú ìwé kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ya ọgbà àti géètì sí, tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lé, tí onílé ò sì wò ó rí láti ọjọ́ tó ti gbà á. Mo ti rí ibi tí gíga tí onílé ń tọrọ ti wà nínú pùláànù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíríkìlà àkọ́kọ́ ló kọ́ ògiri náà kúrú.

Ẹ ṣọ́ra: ògiri gíga tó wà ní ojúlé kejì kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè ní àṣẹ, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dà pupa tirẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà plot rẹ̀ sínú lẹ́tà yín, ẹjọ́ rẹ̀ lẹ fi sùn yẹn, ó sì máa gbọ́.

Ìpele yìí parí nígbà tí ẹ bá ní nọ́ńbà ní mítà fún iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, lórí ìwé. Tẹnu bíríkìlà kò sí nínú rẹ̀.

3. Ẹ wọ̀n ilẹ̀ yín

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibí náà sì làwọn èèyàn ń fò kọjá.

Àpáta àti òkè pọ̀ l'Ábújá. Ní Guzape, Katampe, Asokoro àti Mpape, ó wọ́pọ̀ kí ilẹ̀ aládùúgbò ga ju tiyín lọ. Ká mú 2.4 mítà gẹ́gẹ́ bí gíga tí òfin gbà, fún ìṣirò lásán. Bí ilẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn yín bá fi 0.9 mítà ga ju tiyín, ògiri tó jẹ́ 2.4 lọ́dọ̀ yín, 1.5 péré ló jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó dúró síbẹ̀ á fi ìgbọ̀nwọ́ lé e, á máa kí yín. Ẹ̀rí nìyẹn: ẹ ti pa òfin mọ́, síbẹ̀ ògiri yín kò ṣe iṣẹ́ ògiri. Kẹ́ ẹ wá tọrọ 0.6 mítà àlékún ní ẹ̀yìn nìkan, yóò di 3.0 lọ́dọ̀ yín, 2.1 lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì tíì kọjá òfin bí a bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ aládùúgbò tó ga.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n: bí ògiri bá ti wà, orí ògiri ni kí ẹ ti na tépù sílẹ̀ ní inú, kí ẹ tọrọ àyè kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìta. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjèèjì ni ìyàtọ̀ ilẹ̀. Ẹ ṣe é ní gbogbo mítà mẹ́ta-mẹ́ta, torí ilẹ̀ ń yí bó ṣe ń lọ. Bí ògiri kò bá tíì sí, ẹ bu omi kún hóòsì, ẹ fọn gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kí ẹni kan di ẹnu kan mú ní ìhín, kí ẹnì kejì di èkejì mú lọ́hùn-ún. Bí omi bá ti dúró jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ ní ẹnu méjèèjì dọ́gba. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi ní ibi méjèèjì, ẹ wọ̀n láti àmì dé ilẹ̀; ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjèèjì ni ìyàtọ̀ ilẹ̀. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ń ṣe èyí lójoojúmọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ tí wọ́n kún. Bí ẹ bá ti da erùpẹ̀ sínú ọgbà tí ògiri fi wá dà bíi pé ó kúrú, ìta ni òṣìṣẹ́ ìjọba á ti wọ̀n ọ́n. Bó bá sì jẹ́ aládùúgbò ló kún ilẹ̀ tirẹ̀ tó fi ti ògiri yín, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ gíga rárá. Ògiri ọgbà lásán kò lè gbé erùpẹ̀ tó mu omi òjò yó; ó lè wó lu ọmọdé. Ẹnjiníà ni kó kọ́kọ́ débẹ̀, kó ya ògiri tó lè gbé e, pẹ̀lú ihò tí omi á máa gbà jáde nísàlẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń wá ìkọ̀kọ̀, pàápàá ilé tí eléhàá wà, ìṣirò tiwọn yàtọ̀. Ẹ wọ̀n gíga ojú ẹni tó dúró lójú fèrèsé òkè ilé kejì, bí fèrèsé náà ṣe jìnnà sí ògiri, àti ibi tí ará ilé yín ń dúró. Ká ní ojú òkè wà ní 4.5 mítà, mítà 6 sí ògiri. Obìnrin tó ga ní 1.6 mítà, tó ń sá aṣọ ní mítà 5 sí ògiri, á bọ́ lọ́wọ́ ojú náà bí ògiri bá tó 2.92 mítà. Bó bá dúró ní mítà 10, ògiri gbọ́dọ̀ tó 3.42. Bó bá súnmọ́ ògiri, ní mítà 2, 2.33 péré ti tó. Ẹ kíyè sí i pé bó ṣe súnmọ́ ògiri tó, bẹ́ẹ̀ ni ògiri kúkúrú ń tó o. Ẹlòmíràn kàn nílò láti gbé okùn ìsáṣọ àti ibi ìdáná ìta súnmọ́ ògiri ni, lẹ́tà ò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ sì rántí ìṣirò búlọ́ọ̀kù: búlọ́ọ̀kù kan ga ní mìlímítà 225, símẹ́ńtì àárín rẹ̀ jẹ́ bíi 25. Kóòsì mẹ́rin ni mítà kan. Ẹni tó ní kí wọ́n fi “kóòsì mélòó kan” kún un, ó lè jẹ́ mítà kan gbáko ló ń sọ yẹn.

Kí ẹ tó kúrò níbí, kí ẹ ní àtẹ kan tó fi gíga inú àti ìta hàn ní gbogbo mítà mẹ́ta, àti fọ́tò tí tépù hàn nínú rẹ̀. Ẹ fún ẹni tí kò bá yín débẹ̀ kó kà á. Bí kò bá lè tọ́ka sí ibi tó ti kúrú, àtẹ náà kò tíì dára.

4. Ẹ dín ohun tí ẹ fẹ́ tọrọ kù

Ṣé ògiri gidi lẹ nílò? Irin tó ní àlàfo lórí ògiri tó bófin mu ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, ó sì rọrùn fún ọ́fíìsì láti gbà. Ẹ kàn béèrè bóyá wọ́n ń ka irin náà mọ́ gíga. Wáyà oníná wà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà, igi masquerade tí wọ́n ń gbìn káàkiri Ábújá náà ń dí ojú fèrèsé láàárín ọdún mélòó kan.

Ní tèmi o, ògiri gíga tó dí pátápátá ní iwájú ilé, olè ló ń ràn lọ́wọ́. Bó bá ti fo ògiri náà, kò sẹ́ni tó ń kọjá lójú títì tó máa rí i. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ná owó yín sí.

Ẹ kọ ìbéèrè yín ní gbólóhùn kan: ẹ̀gbẹ́ wo, mítà mélòó gígùn, láti gíga wo sí gíga wo. Bí kò bá ṣeé kọ ní gbólóhùn kan, ohun tí ẹ ń tọrọ ti pọ̀ jù.

5. Ẹ lọ bá aládùúgbò

Ẹ má rán fọ́manù. Ẹ lọ fúnra yín ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú àwòrán dání, kí ẹ kí i kí ó tó, ní èdè Hausa bó bá jẹ́ Hausa: “Ina wuni, Alhaji,” ẹ béèrè ará ilé, ẹ jókòó. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi hàn án pé ìhà tirẹ̀ kò ní kọjá 2.1 mítà, bíi ti àpẹẹrẹ wa lókè. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “àwọn èèyàn yín ń yọjú wo ilé wa.” Ẹ sọ pé ilẹ̀ ló ga, torí òótọ́ ni.

Ẹ gba lẹ́tà pé kò lòdì sí i, pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà plot, ìfọwọ́sí àti ọjọ́. Bí ògiri bá jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì, kó fọwọ́ sí àwòrán náà pàápàá. Ẹgbẹ́ onílé inú ẹ̀sítéètì náà gbọ́dọ̀ kọ tiwọn.

6. Àwòrán àti lẹ́tà

Àkìtẹ́ẹ̀tì á ya plot tó fi ẹ̀gbẹ́ náà hàn, ojú ògiri láti iwájú, àti ògiri bí ẹni là á láàárín, tí ilẹ̀ méjèèjì hàn nínú rẹ̀. Àwòrán ìkẹyìn yìí ló ń ṣe ọ̀rọ̀ náà láṣepé. Bí kò bá sí ilẹ̀ aládùúgbò nínú rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ẹnjiníà á sọ bóyá ìpìlẹ̀ àtijọ́ lè gbé àlékún. Ògiri búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 6 tí kò ní òpó, ẹ má kan búlọ́ọ̀kù lé e. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́kọ́ níbí ń da irú rẹ̀ lulẹ̀ lọ́dọọdún. Òpó oní-irin ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta síra wọn lọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń yà. Kí awọnlẹ̀ sì jẹ́rìí pé ògiri wà nínú ààlà yín, tí kò gun orí páìpù omi, kòtò ìdọ̀tí tàbí wáyà abẹ́ ilẹ̀. Ògiri tó bá gun ilẹ̀ páìpù ìjọba, kò sí gíga tí wọ́n á fọwọ́ sí fún un.

Lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, ní Gẹ̀ẹ́sì: nọ́ńbà plot àti ti pùláànù, gbólóhùn ìbéèrè yẹn, ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ fi ìròyìn jàǹdùkú Nàìjíríà sílẹ̀. Bí olè bá ti wọlé yín rí, ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ so mọ́ ọn.

7. Kántà, owó, àti àwọn tó ń bọ̀ wá wò

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Lórí tiyín, ẹ gba òǹtẹ̀ pé wọ́n ti gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà fáìlì. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà fáìlì, ẹnu lásán ló ń fi tọpa.

Owó tó wà lórí bíìlì nìkan ni kí ẹ san, sí àkáǹtì ìjọba tí bíìlì náà dárúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn, ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́.

Kí ó tó di ọjọ́ tí wọ́n á wá wò ó, ẹ má já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ níwájú ilé. Lójú wọn, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Kí ẹni tó mọ̀ nípa ìwọ̀n náà wà nílé pẹ̀lú tépù. Ẹ má fi mai-gádì nìkan tì wọ́n.

Bí wọ́n bá kọ ìbéèrè padà, ìyẹn kì í ṣe kíkọ̀. Ohun tí wọ́n béèrè gan-an ni kí ẹ dáhùn. Bí wọ́n bá wá kọ̀ ní tòótọ́, ẹ béèrè ìdí ní kíkọ, ẹ dín gíga kù kí ẹ tún gbé e wá. Urban and Regional Planning Tribunal ti FCT náà wà fún ẹni tó bá ro pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Agbẹjọ́rò ni kí ẹ bá débẹ̀, kíákíá, kí àsìkò má baà kọjá.

Ẹni tó ti kọ́ ọ tán kó tó ka ibí: ẹ dá iṣẹ́ dúró lónìí, ẹ má sì kun ọ̀dà bo àmì pupa náà. Ohun tó ń bí wọn nínú jù nìyẹn. Ẹ mú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ sí ọ́fíìsì, ẹ ya ògiri bó ṣe wà gan-an, kí ẹ sì tọrọ kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tó bófin mu. Ẹ múra sílẹ̀ fún owó ìtanràn, àti fún kí wọ́n ní kí ẹ bẹ́ apá kan rẹ̀.

8. Ìgbà tí àṣẹ bá dé ọwọ́

Ẹ ka àwọn àlàyé tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà kí ẹ tó dúpẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n gbà, tàbí pé wọ́n dín gíga kù, ó sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi iṣẹ́, kí ẹni tó bá yọjú láti ọ́fíìsì rí i kó tó béèrè.

Kí bíríkìlà tó po símẹ́ńtì, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà gíga ìkẹyìn sára òpó méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun, kí ẹ na okùn láàárín wọn. Gíga tí wọ́n fọwọ́ sí ní kópìn, ìyẹn ìdérí orí ògiri, nínú; ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín lójoojúmọ́ kó tó lọ sílé. Bó bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 10 kọjá okùn, ẹ ní kó tú kóòsì òkè náà kí símẹ́ńtì tó gbẹ.